Àwọn Tó Ń Jáde Láì Sọ fún Bàbá

Nílé wa ládùúgbò Challenge, ẹnì kan kì í ṣàdédé jáde. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ilé ta ni wọ́n ti ń ṣàdédé jáde. Ẹ fara balẹ̀, tiwa le ju tiyín lọ. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà jọ́gíráfì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ní àga onígi kan ní fàráńdà iwájú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti jáde nílé náà àfi iwájú wọn. Ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀kùn kan lóòótọ́, àmọ́ ìyá mi ti kó àpò ìwé dí i pa. Ìwé ọmọ iléèwé ni ìyá mi ń tà ní Dùgbẹ̀, èyí tí kò bá tà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń kó o sí.

"Níbo lò ń lọ?" ni Bàbá máa kọ́kọ́ bi ọ́. "Ọ̀dọ̀ ta ni?" á tẹ̀ lé e. "Ìgbà wo lo máa dé?" á kẹ́yìn. Kò sí èyí tó o lè fò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O ò sì lè dáhùn gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi, torí jọ́gíráfì ni wọ́n fi ń jẹun. Bó o bá ní, "Ring Road ni, sà," wọ́n á ní, "Ring Road gùn. Apá ibo níbẹ̀?" Ó dọjọ́ tó o bá dárúkọ ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ò ń lọ kí wọ́n tó mirí.

Tó o bá ti dá wọn lóhùn tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo wa: "Ó dáa. Má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ọ níta." Mi ò rántí ìgbà kan tí wọ́n ní kí n má lọ. Nígbà yẹn mi ò ro ti èyí rárá, inú ló máa ń bí mi. Mo wọ yunifásítì, mo ń wọ bàtà gogoro, mo ń kun ètè, síbẹ̀ mo ṣì ń dúró bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi níwájú àga yẹn, kí n máa ṣàlàyé ilé ọ̀rẹ́ mi ní Bódìjà. Màá ráhùn wọnú máíkírà, màá ráhùn sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, bí ẹnì kan bá tún bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn lónìí, n ó dì mọ́ ọn ni.

Àwa méjì ni wọ́n bí. Èmi ni àgbà, ọlọ́kàn gbígbóná, aláròyé. Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe jẹ́jẹ́, òun sì ni Bàbá rí kọ́. Ìwé máàpù ńlá kan wà nílé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí Bàbá fi sẹlotéèpù lẹ̀ títí ó fi nípọn. Àbúrò mi á jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Bàbá á fi ìka lé ìlú kan, wọ́n á ní, "Odò wo ló wà níbí?" Kánádà ni àbúrò mi fẹ́ràn jù. Ó ní ilẹ̀ tó tóbi tó báyẹn, kí ló dé tí èèyàn ò fi kún inú ẹ̀. Bàbá á ní, "Òtútù ló lé wọn," àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò sí ẹ̀fẹ̀ tó ju ìyẹn lọ láyé. Èmi kì í rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo sì ń jowú díẹ̀, kí n má parọ́.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kì í sọ. Físà lè ti bọ́ sọ́wọ́, àpò lè ti wà ní dídì, ẹnu á dì pa. Wọ́n ní ayé le, wọ́n ní kí ọkọ̀ òfurufú gúnlẹ̀ ná, ká tó máa yọ̀. Ìyá mi ló ní kí àbúrò mi má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún èmi náà, torí ìyá mi ní ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú mi, irọ́ sì kọ́. Àmọ́ ti Bàbá ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Bí Bàbá bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tí wọn kì í bá tàkurọ̀sọ, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi bò. Àbúrò mi wá dúró di ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Bàbá fi máa ti ìrun dé, ó ti gbé àpò rẹ̀ sínú táksí, ó ti forí lé Kánádà.

Iṣẹ́ tó fi rán ìyá mi sí Bàbá ni pé òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Àpáta, nínú ìlú yìí náà. Wọ́n fẹ́ kó débẹ̀ ná, kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ síta. Ṣùgbọ́n kó tó di pé wọ́n tú u, ọkùnrin kan ní mọ́ṣáláṣí, tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní Kánádà, ti na ọwọ́ sí Bàbá lójú gbogbo ìjọ: "Alájì, ẹ kú oríire o! Ọmọ ti gúnlẹ̀, a dúpẹ́!" Bàbá ní, "Àmín, àmín," bí ẹni tó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n tó bi ìyá mi. Mo wà níbẹ̀. Mò ń retí ariwo. Bàbá ò pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, wọ́n ní, "Ó gba ẹ̀yìn mi jáde." Wọ́n wá lọ jókòó.

Látọjọ́ náà, Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò ṣépè o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tí wọ́n bá kírun tán, mò ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà wọn. Ṣùgbọ́n bí àbúrò mi bá pe fóònù, tí ìyá mi na fóònù náà sí wọn, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi kí i," wọ́n á sì mú tẹ̀sùbáà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ìyá mi bẹ̀, òfo ni. Ọdún ń gorí ọdún, àbúrò mi gbéyàwó níbẹ̀, àwa fi fóònù wòran, Bàbá ní, "Ẹ bá mi kí wọn." Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ojú Bàbá ti ń ṣú, ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, ọmọ wọn kan ṣoṣo lọ́kùnrin sì wà níta tí wọn ò tíì sọ fún un pé ó dáa.

Ní ti èmi, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí lẹ́tà orí fóònù ti kéré jù fún Bàbá, mo fún wọn ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára, mo sì ra modẹ́ẹ̀mù sí i. Inú Bàbá dùn bí ọmọdé. Wọ́n ń gbọ́ wáàsí lórí ẹ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń wo máàpù, ti ìgbàlódé tó ń fi òrùlé ilé han èèyàn. Wọ́n wá òrùlé ilé wa rí, wọ́n pe ìyá mi pé kó wá wo ibi tí páànù ti ń dípẹtà.

Wàhálà wá dé. Ọjọ́ tí a bá fi dátà sí i, kò ní pẹ́ kí Bàbá tó pè mí: "Dátà mi tún ti tán o!" Mo ní bóyá wáàsí pọ̀ jù. Wọ́n ní wáàsí wo, wọn ò tíì gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ni wọ́n bá fẹ̀sùn kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àwọn ọmọ náà ń fa dátà àwọn gba ojú fèrèsé. Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n fún wọn ní wáàsí tiwọn lórí olè jíjà, pẹ̀lú ẹsẹ Kùránì. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ojú tì mí, àmọ́ nígbà tí mo dénú máíkírà, ẹ̀rín pa mí.

Mo wá dájọ́ kan, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, mo wo ohun tó ń jẹ dátà. Mo ní, "Bàbá, kò sólè kankan o. Àwọn áàpù inú ẹ̀rọ yín ló ń jáde."

"Ń jáde lọ síbo?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà. Bí ẹ ò tiẹ̀ ṣí wọn, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀. Èyí ń wá àtúnṣe ara rẹ̀, èyí ń kó fọ́tò yín lọ tọ́jú sílé àwọn tó ṣe é."

Ẹ bá mi wo ojú Bàbá. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀. "Nínú ilé mi? Láì sọ fún mi?"

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Áàpù kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: kò sí áàpù tó máa jáde lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó má kọ́kọ́ dá a dúró, kó sì wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Mo gbé e síbẹ̀. Bàbá pe orúkọ rẹ̀ ní Mẹ́gáàdì. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àpótí kékeré kan yọ sójú kọ̀ǹpútà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: áàpù báyìí fẹ́ jáde lọ síbi báyìí, ṣé kó lọ? Ibi títẹ̀ mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "rárá", "ẹ̀ẹ̀kan yìí", àti "nígbà gbogbo".

"Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi?" ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Aláàánú ni ọ́," ni wọ́n sọ fún kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe èmi o! Èmi tí mo wọ ọkọ̀ láti Agbowó.

Bí Bàbá mi ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́ wọn nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí kò ti sí ọmọ tí wọ́n ń dá dúró ní fàráńdà, àwa ti tú ká, àwọn nìkan ló sì ń jókòó lórí àga. Báyìí, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí níwájú ara wọn, ìwé máàpù wà lórí itan. Tí àpótí bá ti yọ, wọ́n á ka orúkọ áàpù náà sókè, wọ́n á ka ìlú tó ń lọ, wọ́n á ṣí máàpù. "Ireland? Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ireland? Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Ìyá mi ní ìgbà àkọ́kọ́ táwọn gbọ́ ọ láti inú ilé, àwọn rò pé àlejò ló dé, àwọn ti ń bu omi.

Áàpù kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó lo kọ̀ǹpútà náà kó tó di tòkunbọ̀ ló fi í sílẹ̀, àwa ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láyé wa. Lójoojúmọ́ ló ń fẹ́ jáde lọ jíṣẹ́ fún àwọn tó ṣe é. Òun ni Bàbá kórìíra jù. "Ìwọ ìtẹ̀wé yìí, kò sí ìtẹ̀wé nínú ilé yìí. Ìròyìn kí lo fẹ́ lọ sọ fún wọn? Òfófó ni. Jókòó!" Wọ́n á tẹ "rárá", bí ẹni pa ẹ̀fọn.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ pátápátá. Mo sáré dé, mo rí i pé Bàbá ti tẹ "rárá" fún èyí tó jẹ́ ìránṣẹ́ gbogbo kọ̀ǹpútà, òun tí àwọn yòókù ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti lé ẹni tó ń ru ẹrù gbogbo ilé." Wọ́n ní, "Orúkọ rẹ̀ ò nítumọ̀. Mo bi í ibi tó ń lọ, nọ́ńbà ló kọ sí mi. Ṣé bí ọmọ èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?" Mo tú u sílẹ̀, wọ́n ń kùn.

Ohun kan ò yé mi. Bàbá ò fi "nígbà gbogbo" fún ẹnikẹ́ni. Wáàsí tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ gan-an, "ẹ̀ẹ̀kan yìí" ni. Bó bá di ọ̀la, kó tún wá béèrè. Ara mi ò gbà á, èmi tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ 'nígbà gbogbo' fún èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, kára tù yín."

"Ta ló ń jẹ́ nígbà gbogbo? Ìyá yín gan-an, ṣé wọn kì í sọ fún mi tí wọ́n bá ń lọ Dùgbẹ̀ ni?"

"Kí ẹ kúkú wá ti gbogbo wọn pa, ká sinmi!" Ẹnu mi yìí.

Wọ́n pa ìwé máàpù dé, wọ́n fi ọwọ́ nu sẹlotéèpù ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé mo ní kí wọ́n má jáde ni? Ìgbà wo ni mo ní kí ẹ̀yin má jáde rí? Kí ẹni tó ń lọ sọ fún mi ni. Tí mo bá mọ ibi tó wà, mo lè fi àdúrà ránṣẹ́ síbẹ̀. Èmi ni mo fi Kánádà hàn án. Ìka mi ni mo fi lé e. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Àpáta ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì dùn mọ́ mi. "Mo sùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń rò pé ọmọ mi wà ní Àpáta."

Háà. Omijé bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún yẹn, mo ti rò pé ìtìjú mọ́ṣáláṣí ló ń dun Bàbá, pé ìgbéraga àgbà ni. Àṣé wọ́n ń wá ọmọ wọn ní Àpáta nígbà tó wà lójú òfurufú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó àbúrò mi bímọ, ọkùnrin, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nílé wa. Èmi ò bí, ẹ má bi mí. Àbúrò mi pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. "Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju kí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ. Bí wọn ò bá dá sí i, ta ló máa sọ ọ́? Kí n lọ wá orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Mo ní, "Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. A ti bẹ̀bẹ̀ tó, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá." Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Àpáta fún un. Mo ní, "Ọjọ́ ìkómọ, a máa fi kọ̀ǹpútà Bàbá pè yín, kí wọ́n lè rí ọmọ dáadáa. Ibi tó o sá fún nígbà yẹn, iwájú àga Bàbá, ibẹ̀ náà ni kó o padà sí."

Mo sọ fún Bàbá pé àbúrò mi fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá ní, "Mo gbọ́." Wọn ò ní rárá, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi ò lè jẹun títí ọjọ́ fi pé.

Ọjọ́ ìkómọ, àárọ̀ tiwọn níbẹ̀ jẹ́ ọ̀sán tiwa. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ máíkírà, ọ̀nà dí ní Mọ́kọ́lá, mo bú dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà bú mi, a jọ rẹ́rìn-ín ká tó dé Challenge. Ìyá mi ò pe aládùúgbò kankan. Wọ́n ní bí Bàbá bá kọ̀, kí ojú má tì wá níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé fàráńdà, Bàbá ti jókòó, wọ́n ti kírun Àyìlà, wọ́n wọ agbádá funfun, fìlà tuntun sì wà lórí wọn. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo mí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí, mo ṣí áàpù ìpè. Kíá ni Mẹ́gáàdì fò jáde: áàpù ìpè yìí fẹ́ jáde, ṣé kó lọ? Mo na ọwọ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. Àpótí náà dúró sójú kọ̀ǹpútà, àwa mẹ́ta ń wò ó. Fóònù mi dún lọ́wọ́ mi, àbúrò mi ni. "Àǹtí mi, mi ò rí yín o, ìpè ò wọlé."

Mo fi fóònù sí kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo ní, "Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà."

A gbọ́ nǹkan tó rọ́ gbìì sílẹ̀, a sì gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókèèrè: "Ó ti dọ̀bálẹ̀ o, Bàbá." Ohùn àbúrò mi wá jáde bí ohùn ẹni tó fi ẹnu mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ jáde."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wo fóònù ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wo géètì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Kánádà ni, sà."

"Kánádà tóbi. Apá ibo níbẹ̀?"

"Winnipeg ni wọ́n ń pe ìlú náà, sà."

"Odò wo ló wà níbẹ̀?"

"Méjì ni, sà. Red River àti Assiniboine. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ?"

"Nígbà tí mò ń lọ, mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, sà. Ẹ̀rù bà mí. Ní báyìí, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ọmọ mi wà níbẹ̀."

Bàbá mirí. Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

"Ìgbà wo lo máa dé?"

La bá gbọ́ ẹkún àbúrò mi, ẹkún àgbà ọkùnrin tí kò lè pa á mọ́ra. "Mi ò mọ̀, sà. Mi ò ní parọ́ fún yín mọ́, Bàbá. Mi ò mọ̀."

Bàbá yọ awò ojú wọn. Wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n nù ún títí, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Wọ́n dà á padà sójú.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ọ níta."

Wọ́n mú máòsì. Mo ti mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀, "ẹ̀ẹ̀kan yìí" bíi ti gbogbo ayé. Ọwọ́ wọn kọjá ibẹ̀. Wọ́n tẹ "nígbà gbogbo". Mo yíjú wò wọ́n, wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Pe ọmọ mi fún mi."

Àwòrán yọ, a rí àbúrò mi tójú rẹ̀ pọ́n, àmì ilẹ̀ sì wà níwájú orí rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù sétí ọmọ, wọ́n pe ìrun sí i létí láti fàráńdà Challenge, wọ́n wá dárúkọ tí wọ́n ti mú sílẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé obìnrin náà lóyún. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ti ọmọ ni. Ìyá mi jó, mo sì sọkún débi tí Bàbá fi ní kí n lọ bọ́jú.

Àbúrò mi wálé ní Iléyá kan lẹ́yìn náà, òun àti ìyàwó àti ọmọ. Ó sọ àpò kalẹ̀ níwájú àga, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti dé, sà." Bàbá gbójú sókè wo ọ̀run. Oòrùn ṣì ń ràn lórí òrùlé. Wọ́n ní, "O gbìyànjú. Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Bàbá ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà wọn wà lọ́dọ̀ mi ní Agbowó. Ó ti gbó, àwọn oníbàárà ń fi mí rẹ́rìn-ín pé olùtúnṣe kọ̀ǹpútà ń lo irú èyí. Wọn ò mọ̀. Bí mo bá ti tàn án, gbogbo àwọn aráabí á tún tò síwájú mi, ìtẹ̀wé ló máa ń ṣáájú wọn, wọ́n á máa béèrè bóyá káwọn lọ. Mò ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí Bàbá ṣe ń ṣe. Ẹyọ kan ló ń kọjá láì béèrè, mi ò sì ní yí i padà láéláé.

Orí ẹ̀ ni àbúrò mi ń pè mí sí. Tá a bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò ní gé ìpè bẹ́ẹ̀. Á ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ jáde. Iléèwé ọmọ ni mò ń lọ, mo fẹ́ lọ mú un, ìrọ̀lẹ́ ni màá dé." Èmi náà á ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ọ níta."